Ẹni Tó Ń Pe Ìyá Ìbejì Lórúkọ

Bí obìnrin bá ti bímọ ní ilẹ̀ wa, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ o. Àwọn èèyàn kàn ń pè é ní ìyá lágbájá, ìyá làkáṣègbè, títí tí àwọn ojúgbà rẹ̀ pàápàá yóò fi gbàgbé ohun tí wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ti màmá wa kò tilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni àwa méjèèjì dé, láti ọjọ́ náà ló sì ti di Ìyá Ìbejì fún gbogbo Òkìtìpupa. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é lọ́jà, Ìyá Ìbejì ni wọ́n kọ sínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Ìbejì ni bàbá wa náà ń pè é títí ọlọ́jọ́ fi dé. Àwa gan-an, ìgbà tí a fẹ́ kọ orúkọ òbí sínú fọ́ọ̀mù JAMB ni a tó jókòó bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Ní báyìí, ọkùnrin kan wà tó ń pè é ní orúkọ náà. Ó ń pè é bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, ó ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, láìfi nǹkan kan kún un. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ni a fẹ́ bá yín sọ, torí àwọn kan nínú yín tí ẹ wá kí wa nígbà ọdún ti rí i nílé wa, ẹ sì ti ń fi ojú bi wá léèrè.

Kí a tó lọ jìnnà: ọkùnrin kan, obìnrin kan ni àwa tí a ń kọ èyí. Ọ̀kan ń ka ìmọ̀ òfin, èkejì ń ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ẹ ó sì rí i pé ẹ̀kọ́ méjèèjì ló wúlò fún wa nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí a ṣe fẹ́ lọ. Orúkọ màmá wa kò ní sí níbí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká má kọ ọ́. Bákan náà, “ó” ni a ó máa lò fún un, a kò ní lo “wọ́n”. Kí ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn jọ̀wọ́ má bínú. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Òun àti ọkùnrin náà jọ ka ìwé ní iléèwé girama kan náà, wọ́n sì jáde ní 1986, ọdún tí ìjọba Babangida gbé ètò SAP dé. Ẹ bi àwọn òbí yín ohun tí ọdún yẹn jẹ́ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé. Náírà ń já wálẹ̀, iṣẹ́ kò sí, ọmọ tí kò lówó yunifásítì á wá ẹni tí yóò tẹ̀ lé lọ sí ibòmíràn. Àwọn Ìkálẹ̀ mìíràn gba Èkó lọ. Òun gba Ọ̀rẹ̀ kọjá sí Benin, ó gba Sapele, ó bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ dé Wárì láti kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Ọdún méjì ló dá. Màmá wa ní òun yóò dúró.

Lẹ́tà ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, àwọn kan nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, àwọn mìíràn lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà. Ní ọdún kẹta, lẹ́tà dúró. Ọkùnrin náà ní òun ń kọ ọ́, màmá wa ní òun kò rí i. Àwa kò gba ìtàn lẹ́tà tó sọnù gbọ́ tán, torí gbogbo bàbá tó já obìnrin sílẹ̀ láyé ìgbà yẹn ló ní lẹ́tà kan tó sọnù. Ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé irọ́ ni. August 2001 ni fóònù alágbèéká GSM tó wọ Nàìjíríà. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí ẹni tó o fẹ́ràn bá dákẹ́, ohun tí o mọ̀ kò ju pé ó dákẹ́. Kò sí ibi tí o ti lè wò ó bóyá ó ti ka ọ̀rọ̀ rẹ. Tiwa yìí, òdìkejì ni: a mọ ìṣẹ́jú tó wọlé, a mọ ìṣẹ́jú tó jáde, a mọ ẹni tó wo àwòrán wa tí kò sì kí wa. Àìrí ọ̀rọ̀ gbà ló ya tiwọn. Ìríjù ló ń ya tiwa. Mélòó nínú wa ló fi ẹnì kan sílẹ̀ nílé nígbà tí JAMB gbà wá wọlé, tí kò sì tó sáà méjì tí oníkálukú fi dínà fóònù ẹnìkejì?

Màmá wa dúró títí di 1994, ó wá fẹ́ bàbá wa. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni wọ́n ṣe, olùṣọ́-àgùntàn sì gbàdúrà fún wọn. Wọn kò dé kọ́ọ̀tù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, yóò padà wúlò. Ọdún 9 ni wọ́n fi wá ọmọ. Gbogbo ohun tí ẹ ti gbọ́ pé wọ́n máa ń sọ sí obìnrin tí kò tètè bímọ ni wọ́n sọ sí i. Lẹ́yìn náà, ní 2003, àwa dé lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, bí bàbá wa bá ń pè é ní Ìyá Ìbejì, oyè ló ń fi dá a lọ́lá. Ó máa ń pè é sókè kí àwọn ará ilé lè gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé orúkọ yẹn bo màmá wa mọ́lẹ̀, kó rántí pé ẹkún ọdún 9 ló fi rà á. Bàbá wa kú nígbà tí a wà ní SS1. Orúkọ náà wà síbẹ̀, ẹni tó ń pè é sókè ni kò sí mọ́.

Ìsìnkú ìyá ọkùnrin náà ló mú un padà wálé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Gúúsù Oǹdó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni Òkìtìpupa àti àwọn ìlú tó yí i ká fi wà láìsí iná mànàmáná, tó fi jẹ́ pé ọmọ kékeré ń dàgbà láìmọ ohun tí wọ́n ń pè ní “iná ti dé!” Ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo ìlú ti ń gba iná sí fóònù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Màmá wa wá gbé fóònù tirẹ̀, ọkùnrin náà wá gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ti wú, irun rẹ̀ ti funfun, màmá wa sì ní ọ̀nà tó gbà dúró, tó fi ẹsẹ̀ kan sinmi bí ẹyẹ, lòun fi mọ̀ ọ́n. Ó kí i: “Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ kú ìṣòfò.”

Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Ó wá pè é ní orúkọ rẹ̀, ó ní, “Ṣé èmi lò ń pè ní ‘ẹ’?”

Ibí yìí ni ẹni tó ń ka ẹ̀dá-èdè nínú wa ti gba gègé lọ́wọ́ ìkejì. Ní 1967, Abíọ́dún Adétugbọ̀ kọ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia lórí àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá, ó sì fi Ìkálẹ̀ sí ìsọ̀rí gúúsù-ìlà-oòrùn pẹ̀lú Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ìlàjẹ. Ohun kan tó ya ìsọ̀rí yìí sọ́tọ̀ ni pé a kò pín “ẹ̀yin” sọ́tọ̀ kúrò lára “àwọn”. Ní Ọ̀yọ́, “ẹ wá” yàtọ̀ sí “wọ́n wá”. Lọ́dọ̀ tiwa, “àn án wá” ni méjèèjì. Àwọn onímọ̀ rò pé “ẹ” ọ̀wọ̀, èyí tí ọmọdé fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ló jẹ́ kí méjèèjì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lápá Ọ̀yọ́. Lọ́dọ̀ àwọn tiwa àtijọ́, ẹnì kan jẹ́ ẹnì kan. O lè fi “ìwọ” bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀, kí ilé má wó. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará òkè fi máa ń sọ pé a kò mọ àgbà. A mọ àgbà dáadáa; kì í ṣe inú ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ni a fi í sí.

Iléèwé, rédíò àti ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé “ẹ” wá bá wa. Fún ìran màmá wa, “ẹ” jẹ́ aṣọ òde. Dókítà ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún, àti àlejò láti Èkó, àti ọ̀gá ọ́fíìsì. Nítorí náà, bí obìnrin Ìkálẹ̀ bá sọ “ẹ káàbọ̀ sà” fún ẹni tí wọ́n jọ jẹ ọ̀pẹ òyìnbó kan ṣoṣo lábẹ́ igi ní fọ́ọ̀mù kẹrin, ilẹ̀kùn ló tì. Ọkùnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi béèrè.

Oṣù mẹ́rin ni ilẹ̀kùn náà fi wà ní títì. Ó padà sí Wárì lẹ́yìn ìsìnkú, ó ń pè lórí fóònù, màmá wa ń dá a lóhùn pẹ̀lú “ẹ” bí ẹni ń bá alága ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀. A wà nílé nígbà ìsinmi nígbà tí ó yí padà. Ilẹ̀ ti ṣú, ó wà lẹ́yìnkùlé, a kò sì ń gbọ́ ohun tí ẹni ọ̀hún ń sọ. A kàn gbọ́ tí màmá wa sọ pé, “Ìwọ, lọ jẹun.” Àwa méjèèjì wo ara wa. Kò sí ohun tó burú nínú gbólóhùn náà. Bó ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, a kò tíì gbọ́ kó fi ohùn yẹn bá àgbàlagbà kankan sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Òkìtìpupa díẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á sọ pé irú èyí kì í ṣẹlẹ̀ àfi nínú fíìmù. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọba tó wà lórí oyè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Charles àti Camilla ti mọ ara wọn. Charles lọ ṣiṣẹ́ ológun ojú omi. Camilla fẹ́ ẹlòmíràn ní 1973. Charles fẹ́ Diana ní 1981. Ẹ mọ bí ìyẹn ṣe parí: ìkọ̀sílẹ̀ ní 1996, ikú Diana ní Paris ní 1997. Ní ọjọ́ 9 oṣù April 2005 ni Charles àti Camilla tó ṣègbéyàwó ní Windsor, àwọn méjèèjì sì ti lé ní ẹni ọdún 55. Ní 2023 wọ́n dé adé. A kò fẹ́ràn ìtàn yìí tó bí àwọn oníròyìn ṣe fẹ́ ká fẹ́ràn rẹ̀, torí ẹnì kan wà láàárín tó jìyà ohun tí kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí a kò lè gbàgbé. Orúkọ àwàdà wà tí wọ́n ń pe ara wọn, Fred àti Gladys, tí wọ́n mú láti inú eré apanilẹ́rìn-ín orí rédíò kan tí wọ́n ń pè ní The Goon Show. Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin tí gbogbo ayé ń tẹ̀ ba fún láti kékeré, ẹnì kan wà tó ń pè é ní Fred.

Èyí tí kò dára náà wà. Elizabeth Taylor àti Richard Burton, òṣèré fíìmù ńláńlá, ṣègbéyàwó ní 1964, wọ́n kọ ara wọn ní 1974. Ní October 1975 wọ́n tún ara wọn fẹ́, nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí, ní Botswana, lágbègbè odò Chobe. Kí 1976 tó parí, wọ́n ti tún kọ ara wọn. Ti ìgbà tiwa, Jennifer Lopez àti Ben Affleck, àdéhùn wọn bàjẹ́ ní 2004, wọ́n fẹ́ ara wọn ní 2022, ilé-ẹjọ́ sì ti parí ìkọ̀sílẹ̀ wọn ní January 2025. A sọ ti Taylor àti Burton fún màmá wa. Ó ń ṣa ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, “Wọn ò jẹ́ kó tutù kí wọ́n tó tún gbé e kaná.” Ẹni tó wà nínú wa tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ìtàn tó sún mọ́ ilé jù ni ti Mọremí. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Moremi Hall ní Ifẹ̀ tàbí ní UNILAG, ẹ mọ̀ ọ́n dé ìwọ̀n kan: Mọremí jẹ́ kí àwọn ọ̀tá tó ń bo ara wọn bí iwin mú òun lẹ́rú, ọba wọn fi í ṣe aya, ó kọ́ àṣírí wọn, ó sá padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Ifẹ̀. Àwọn ará Ugbò ní Ìlàjẹ, ní etí òkun lẹ́yìn Igbókọ̀dá, ni ìtàn sọ pé wọ́n jẹ́ ọ̀tá náà, wọn kò sì gbà bí Ifẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. Ìjà yẹn kọ́ ló kàn wá. Ohun tó kàn wá ni pé bí Mọremí ti padà dé báyìí ni ìtàn sáré lọ sí odò Ẹ̀sìnmìrìn àti ọmọ rẹ̀ Olúorogbo tó fi rúbọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa bí alẹ́ àkọ́kọ́ ṣe rí. Obìnrin tó ti jẹ́ aya ọba mìíràn wọlé padà; kí ni ọkọ rẹ̀ pè é? Ṣé ó pè é bíi ti tẹ́lẹ̀? Ìtàn ńlá kì í dúró síbẹ̀. Nínú yàrá ni ọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ojú ogun ni akéwì ń wò.

Àwa dúró síbẹ̀, torí ohun tí a ń bẹ̀rù nìyẹn. Ọkùnrin náà mọ ọmọbìnrin ọdún 18 tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Kò mọ obìnrin tó ń sùn sí òkè àdúrà fún ọdún 9. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí a gbé òkú bàbá wa wálé. A sọ èyí fún màmá wa gan-an bí a ṣe kọ ọ́ síbí. Ó ní òun mọ̀, òun ti ń sọ ọ́ fún un lóru, ọdún kọ̀ọ̀kan, ó sì ti dé 1999. Òun náà ń sọ tirẹ̀: bí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe jóná nínú ìjà Wárì ní 2003, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe kó àwọn ọmọ lọ lẹ́yìn náà, bí kóòtù ìbílẹ̀ ṣe tú wọn ká. A bi í fúnra wa bóyá ó lu obìnrin náà. Ó ní rárá, òun kàn di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́. A ti bá ọmọ rẹ̀ àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti gbọ́ ti ẹnu rẹ̀, ohun kan náà ló sì sọ.

Iṣẹ́ púpurú ni màmá wa ń ṣe. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń rẹ sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún títí yóò fi rọ̀. Wọn a fọ́ ọ, wọn a fún omi inú rẹ̀ dànù nínú àpò, wọn a wá mọ ọ́n ní roboto bí orí ọmọ tuntun, wọn a tò ó sórí àjà lókè iná. Èéfín ni yóò gbẹ ẹ́. Tó bá gbẹ tán, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti dúdú bí ìdí ìkòkò, inú rẹ̀ á sì funfun. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó fi ọ̀bẹ ha dúdú yẹn kúrò kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Iṣẹ́ híha yìí ni kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe. Ó ń kó sí èékánná, ọwọ́ á máa rùn fún èéfín fún ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí rẹ̀ ni inú wa ṣe máa ń dùn nígbà tí sáà bá wọlé. Nígbà tí ọkùnrin náà kó padà wálé tán, ó wá sí ẹ̀yìnkùlé wa lọ́jọ́ Sátidé kan, ó fa àpótí, ó mú ọ̀bẹ. Ọwọ́ wẹ́dà ni ọwọ́ rẹ̀, iná ti jó o káàkiri, èéfín kò sì rí nǹkan ṣe sí i. Ó ha púpurú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìpápánu kan kò sí, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kan kò sí. Láàárín wákàtí kan sí òmíràn á pe orúkọ màmá wa, á béèrè bóyá èyí ti mọ́ tó. Àwọn oníbàárà tó wá ra púpurú ń wò yíká láti mọ ẹni tó ń pè.

Àwọn ẹbí bàbá wa náà gbọ́. Ìpàdé ṣẹlẹ̀ ní December. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní àwọn kò dí Ìyá Ìbejì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kó kúrò nílé àbúrò òun kó tó fẹ́ ẹlòmíràn. Àbúrò bàbá kan wúkọ́, ó ní ṣé kò sí ọkùnrin nínú ẹbí ni. Ó ń fi àwàdà bò ó, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé opó ṣíṣú ló ń sọ.

Gègé ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ka òfin báyìí. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn ún gbọ́: ní 1997, nínú ẹjọ́ Akinnubi, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tún un sọ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, opó kì í jogún ọkọ rẹ̀, àti pé òun gan-an wà lára ohun tí ẹbí ọkọ lè jogún. Ní 2014, nínú ẹjọ́ Anekwe àti Nweke, ilé-ẹjọ́ kan náà bínú gidigidi sí àṣà tí wọ́n fẹ́ fi lé opó kan kúrò nílé ọkọ rẹ̀ ní Awka nítorí pé kò bí ọmọkùnrin. Ọ̀rọ̀ Ìgbò nìyẹn, kò sì pa ti 1997 rẹ́ pátápátá. Ká ní kọ́ọ̀tù ni àwọn òbí wa ti ṣègbéyàwó, òfin mìíràn ni ì bá máa ṣiṣẹ́. Wọn kò dé kọ́ọ̀tù. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa tí ẹ ń sọ pé ìwé kọ́ ló ń ṣe ilé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gba ìwé náà.

Ṣùgbọ́n àṣà kan náà kò fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá ní ilé náà. Ọmọ ló ń jogún bàbá. Bí ìyàwó bá pọ̀, ìdí-igi ni wọ́n ń pín in sí. Ẹjọ́ Danmole àti Dawodu tó dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962 ti fẹsẹ̀ ìyẹn múlẹ̀. Ìdí-igi kan ṣoṣo ló wà nílé wa, ọmọ méjì péré ló sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a sọ èyí, ẹ̀gbọ́n bàbá wa béèrè pé ta wá ni dáwódù nínú àwa méjèèjì, ìdajì wákàtí sì lọ lórí bóyá Táyé tó kọ́kọ́ jáde ni tàbí Kẹ́hìndé tó rán an níṣẹ́. A kò ní sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí, torí kò tíì já síbì kan.

Ohun tó bà wá lẹ́rù kì í ṣe ti dáwódù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé wa níbi ìpàdé yẹn pé òfin ti sọ wá di lánlọ́ọ̀dù ìyá wa. Bó bá dúró, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé. Bó bá lọ, àwa la ó ti ilẹ̀kùn. Ọmọ tí kò tíì sìn ilẹ̀ baba rẹ̀! A jáde síta, a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, a padà wọlé. A ní a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó fọwọ́ sí i níwájú wọn, pé màmá wa ní ẹ̀tọ́ sí ilé náà títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ó fẹ́ ọkọ o, kò fẹ́ ọkọ o. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní kí wọ́n mú bírò wá.

Màmá wa gba ìwé náà, ó ká a, ó fi í sínú Bíbélì. Ó ní òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n òun kò ní mú ọkùnrin kankan wá sùn sínú yàrá bàbá wa. Ọkùnrin náà ti tún òrùlé ilé ìyá rẹ̀ ṣe ní Ìkòyà. Ibẹ̀ ni yóò lọ. Àjà púpurú, kànga àti àwọn oníbàárà wà lẹ́yìnkùlé wa, wọn kò ṣeé gbé, nítorí náà á máa gun ọ̀kadà wá láràárọ̀, á sì máa padà ní ìrọ̀lẹ́. Ó ti bá ọlọ́kadà kan dúnàádúrà lówó oṣù.

Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yóò wáyé lẹ́yìn ìdánwò wa, wọ́n dúró dè wá. Ohun tó kù ni ohun tí àwa yóò máa pe ọkùnrin náà. Ọ̀kan nínú wa ń pè é ní “bàbá”, ohùn á sì há díẹ̀ sí i lọ́nà ọ̀fun. Èkejì ṣì ń pè é ní “sà”. A bi í léèrè ohun tó fẹ́. Ó ń ha púpurú lọ́wọ́, ó ronú sí i, ó ní orúkọ kò kan òun, ohun tí àwa bá fẹ́ ni ká pe òun, ṣùgbọ́n kí a jọ̀wọ́ kọ́kọ́ mú “ẹ” yẹn kúrò lẹ́nu. A ní a ti pẹ́ jù ní iléèwé. Ó ní kí a máa gbìyànjú.